Ilé Gíga Tí Ó Dúró Sójú Kan: Kí Ni Ó Kan Ìyàwó Ilé?

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ sísè, kì í ṣe ti aṣọ rírán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti bí a ti í wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Kì í sì í ṣe ilé tí à ń gbé, bí kò ṣe ilé gíga tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí, tàbí èyí tí a parí tí a sì pa tì títí tí ó fi di ahoro láàárín ìlú. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín wí pé, “Kí ni ó kàn mí nínú èyí? Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti àwọn agbaṣẹ́ṣe ni.” Ẹ ṣe sùúrù. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, ẹ óò rí i pé owó tí ẹ ń dá sínú àjọ àti ọmọ tí ẹ ń rán lọ ra iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n.

LÓJÚ Ọ̀NÀ YUNIFÁSÍTÌ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba Bódìjà lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn rí ti mọ Agbowó. Ọdún 1948 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀. Bí ó ti ń gbòòrò sí i ni àdúgbò tí ó wà ní òdìkejì títì ń gbòòrò pẹ̀lú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yàrá nínú ọgbà yóò sọdá wá yàrá háyà sí Agbowó. Ibẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ń gbé, ibẹ̀ ni olóúnjẹ ń tà, ibẹ̀ ni aránṣọ, onídìrí àti àwọn tí ń tẹ ìwé ń jókòó sí. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù títí di òru ni ẹsẹ̀ kì í gbẹ níbẹ̀.

Láàárín èrò púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtajà ńlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Agbowó Shopping Complex wà. Ilé ìjọba ni. Bí a bá ní kí á wá ibi tí ó dára ju ibẹ̀ lọ fún ọjà, ó di dandan kí á rìn jìnnà, nítorí pé oníbàárà kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni apá púpọ̀ nínú ilé náà fi ṣófo tí ó sì ń bàjẹ́. Ìjọba kan dé, ó ní òun yóò tún un ṣe, òun yóò sọ ọ́ di ilé ìgbàlódé. Ìjọba mìíràn dé, òun náà sọ tirẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tí wọ́n wà níbẹ̀ gbọ́ ìlérí náà títí ó fi sú wọn. Àwọn àgbà a máa bèèrè pé bí a bá fi ogún ọdún pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ni a óò bunijẹ?

A kò mú ọ̀rọ̀ Agbowó wá láti fi bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. A mú un wá nítorí pé ojú gbogbo wa ni ó wà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa, láti Ìbàdàn dé Èkó. Ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀, àti ọ̀nà tí obìnrin tí ó ní ọgbọ́n lórí fi lè gba ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

KÍ NI IRÚ ILÉ BẸ́Ẹ̀ WÀ FÚN?

Àwọn onímọ̀ ìṣètò ìlú fẹ́ràn ilé tí iṣẹ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀, ọ́fíìsì ní àárín, fúláàtì tí ènìyàn ń gbé ní òkè. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ẹni bí ẹni pé ohun tuntun láti òkè òkun ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nínú ìlú Ìbàdàn. Ìyá olójà pàtẹ sí ìsàlẹ̀, ó sì ń gbé òkè pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ké, ó gbọ́. Bí oníbàárà bá kàn, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò náwó ọkọ̀, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ fún ará ìta. Nítorí náà, èrò tí ó wà nídìí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò burú. Kódà, àwa obìnrin ni ó ṣàǹfààní fún jù lọ.

Bí ìlú bá ń dàgbà, ilẹ̀ kì í dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1958 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́lé fún ará ìlú sílẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé Bódìjà, ilẹ̀ ṣì pọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tirẹ̀ àti igi eléso tirẹ̀. Lónìí, àwọn ilé ti fara kan ara wọn. Bí ilẹ̀ bá ti tán ní ìsàlẹ̀, òkè ni ó kù tí a óò máa lọ. Ìdí nìyí tí ilé gíga fi ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ilé gíga kò dà bí ilé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ yàrá méjì nínú yàrá mẹ́rin lè kó wọ inú méjì náà kí ó máa kọ́ ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ilé alájà púpọ̀ kò gba irú èyí. Omi ní láti gun òkè, iná ní láti dé gbogbo àjà, àtẹ̀gùn àsálà ní láti wà nítorí iná, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè ní láti ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá kù nínú wọn, bí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kù ni.

ÈYÍ TÍ Ó PARÍ: ILÉ KÒKÓ

Kí á má baà fi ìbànújẹ́ nìkan ṣe ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Agbowó lọ sí Dùgbẹ̀ kí á wo ilé gíga tí ó parí. Ní ọdún 1965 ni Ilé Kòkó parí. Alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Ní ìgbà náà, ó wà lára àwọn ilé tí ó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní agbègbè ooru. Èrè kòkó ni a fi kọ́ ọ. Àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn a máa san iye kan fún àgbẹ̀, a sì máa tà á ní iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní òkè òkun. Lára èlé náà ni ìjọba fi ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Láàgùn àgbẹ̀, pẹ̀lú làáàgùn àwọn ìyàwó wọn tí wọ́n ń fọ́ kòkó tí wọ́n sì ń sá a, wà nínú ògiri ilé náà.

Ilé náà rí ìjàǹbá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, iná jó o, ó sì bà á jẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó parí fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n a tún un ṣe, a sì tún un ṣí ní ọdún 1992. Kí ló dé tí Ilé Kòkó fi dìde padà tí àwọn ilé mìíràn tí iná kò jó rárá fi wà nílẹ̀? Ìdí kan pàtàkì ni pé ó ní olówó tí ó mọ̀ pé tòun ni. Odù’a, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá jùmọ̀ ni, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ni ó ni ín. Owó háyà ń wọlé láti inú rẹ̀, ẹni tí yóò gbọ́ sí i bí ó bá bàjẹ́ kò sì farasin. Ilé tí ó ní olówó gidi a máa rí olùtọ́jú. Ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn tí kò sì jẹ́ ti ẹnì kan pàtó, a máa dà bí ìkòkò orí àdògán tí olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀, títí tí ọbẹ̀ fi jóná.

KÍ LÓ DÉ TÍ ILÉ FI Ń DÚRÓ?

Ìdí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Èkínní ni owó. Ilé gíga ń gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó parí. Láàárín ìgbà náà, owó ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wo sìmẹ́ǹtì. Ní ìparí ọdún 2023, a ń ra àpò kan ní nǹkan bí 5,500 náírà; nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 10,000 ní ibi púpọ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ bí ẹ ti í ṣírò owó ọjà. Mílíọ̀nù kan náírà tí ì bá ra àpò 200 nígbà tí ọ̀kan jẹ́ 5,000, àpò 100 péré ni yóò rà nígbà tí ó di 10,000. Agbaṣẹ́ṣe tí ó fi iye àná ṣe àdéhùn, tí ó wá ń fi iye òní ra irin, yóò dúró bópẹ́ bóyá. Bí ó bá sì dúró, owó tí àwọn ènìyàn ti san sílẹ̀ ni ó ń dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì ni ìyípadà ìjọba. Ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ, èyí tí ó dé kò fẹ́ parí iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ó fẹ́ràn láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àdéhùn tuntun, pláànù tuntun, ìpìlẹ̀ tuntun. Ilé àtijọ́ sì ń wo gbogbo wọn níran.

Ẹ̀kẹta ni ìjà lórí ẹni tí ó ni àṣẹ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ wà ní Ìkòyí ní Èkó. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ parí Sẹkitéríàtì ńlá tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún 1991, ilé náà ṣófo. Ní ọdún 2006 a tà á fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní bílíọ̀nù 7 náírà, wọ́n sì pinnu láti sọ ọ́ di fúláàtì 480. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà fún wọn, iṣẹ́ sì dúró. Erin méjì ń jà, koríko ń jìyà. Ilé tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ì bá máa gbé di ibi tí igi ń hù lára ògiri, nígbà tí àwọn tọkọtaya tuntun ń rìn kiri Èkó tí wọ́n ń wá yàrá kan.

Ẹ sì jẹ́ kí á mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tí ó dúró. Kì í dúró bí a ti fi í sílẹ̀. Irin tí ó yọ jáde lára òpó a máa dípẹtà. Irin tí ó bá sì dípẹtà a máa wú. Bí ó bá wú nínú kọnkéré, yóò la kọnkéré náà. Òjò yóò gba ojú tí ó là wọlé, irin tí ó wà nínú yóò tún dípẹtà sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni ẹnjinníà tòótọ́ kì í fi gba iṣẹ́ tí ó ti dúró ní ọdún mẹ́wàá kí ó kàn máa to búlọ́ọ̀kù lé e lórí lọ. Yóò kọ́kọ́ yẹ gbogbo òpó wò. Bí ẹ bá rí ilé tí ó ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́, tí a ṣàdédé kùn ní ọ̀dà funfun tí a sì ń polówó rẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹ bèèrè ẹni tí ó yẹ òpó rẹ̀ wò.

NÍGBÀ TÍ ÌKÁNJÚ BÁ DI IKÚ

Dídúró kò dára, ṣùgbọ́n ìkánjú burú jù ú lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road ní Ìkòyí wó lulẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ènìyàn tí ó lé ní 40 ni ó kú, olówó ilé náà gan-an wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jáde nílé lówùúrọ̀, tí ìyàwó wọn ń retí owó ọbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò padà dé. Ó hàn sí gbogbo ayé lẹ́yìn náà pé àmì ti wà ṣáájú: àwọn ẹnjinníà kan ti kọ̀wé yọ ara wọn kúrò nínú iṣẹ́ náà ní ọdún 2020, ìjọba sì ti dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2021 kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó dúró ni ìbànújẹ́. Bí ìjọba bá dá iṣẹ́ dúró nítorí pé òpó kò lágbára, ó yẹ kí inú wa dùn ni. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni ìdí tí ó fi dúró. Bí ọkọ yín, àbúrò yín tàbí ọmọ yín bá ń ṣe bírìkìlà tàbí alágbàṣe ní irú ibẹ̀, ẹ má tijú láti bi í léèrè bóyá ẹnjinníà ń wá síbẹ̀ déédéé. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí.

ỌMỌ YÍN ÀTI ILÉ AHORO

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fetí sí èyí dáradára. Ọmọdé fẹ́ràn ilé tí kò parí. Iyanrìn wà níbẹ̀ láti fi ṣeré, àtẹ̀gùn wà láti gùn, kò sì sí àgbà tí yóò lé wọn. Ṣùgbọ́n ewu mẹ́rin ni ó ba síbẹ̀.

Èkínní ni ihò. Ihò tí a gbẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ agbéniròkè a máa la ilé já láti òkè délẹ̀, kì í sì í ní ilẹ̀kùn. Àwọn àjà òkè kò ní ìgànná. Èkejì ni omi. Kòtò ìpìlẹ̀ a máa gba omi òjò. Ọmọ lè rì sínú rẹ̀, ẹ̀fọn sì ń pa ẹyin sínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tí ń fò wọ yàrá yín. Bí ibà bá ń ṣe àwọn ọmọ àdúgbò kan lemọ́lemọ́, ẹ yẹ kòtò ilé ahoro ẹ̀gbẹ́ yín wò. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àdúgbò fa omi rẹ̀ gbẹ tàbí kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí i.

Ẹ̀kẹta ni ìṣó àti irin. Bí ìṣó bá gún ọmọ lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ń bẹ̀rù ìpẹtà. Kì í ṣe ìpẹtà gan-an ni ó ń fa àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ń mú kí ẹran ara le gbagidi. Kòkòrò tí ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni. Ìṣó kàn ń tì í wọ inú lọ ni. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà dáradára, ẹ má fi epo tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ènìyàn burúkú tí ń fi ibẹ̀ ṣe ibùba, pàápàá ní àṣálẹ́. Ẹ kọ́ ọmọbìnrin yín kí ó má ṣe gba inú ilé ahoro kọjá láti dá ọ̀nà kúrú.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Caracas, olú-ìlú Venezuela ní Gúúsù Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ ilé alájà 45 kan ní ọdún 1990. Olówó rẹ̀ kú ní 1993, àwọn báńkì sì dojú dé ní 1994, iṣẹ́ dúró. Ní ọdún 2007, àwọn tí kò rílé gbé kó wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé ibẹ̀, wọ́n gbé e dé àjà 28, láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè. Àwọn ìyá ń pọn ọmọ, wọ́n ń ru omi gun àtẹ̀gùn. Àwọn obìnrin ṣí ìsọ̀ sínú àjà, àwọn onídìrí ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n àti akíkanjú wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò ní ìgànná, àwọn kan jábọ́ láti òkè, ọmọdé wà lára wọn. Láti ọdún 2014 ni ìjọba kó wọn kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ilé kò sí fún yóò sùn sí ibi tí ó bá rí, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Àwọn tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ láìparí nígbà tí ènìyàn kò rílé gbé ni ó yẹ kí á bi léèrè.

OWÓ ÀJỌ YÍN

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wá sí orí owó. Ẹ fojú inú wo ìyàwó kan ní Agbowó tí ń ta aṣọ òkírìkà lórí tábìlì. Ọdún márùn-ún ni ó fi dá àjọ, tí ó sì ń fi owó pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹnì kan mú àwòrán ilé gíga aláràbarà wá: gíláàsì ń dán, òdòdó wà lójúde. Ó ní bí ó bá san ìdajì owó nísinsìnyí, ṣọ́ọ̀bù yóò jẹ́ tirẹ̀ láàárín ọdún méjì, yóò sì pọ́ọ́kú ju ti àwọn tí yóò dé lẹ́yìn lọ. Ojú rẹ̀ kúrò lára tábìlì. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì. Ó san án. Ọdún méjì pé, igbó ni ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni. Ìrètí ọmọ rẹ̀ ni ó sún un ṣe é. Kí irú rẹ̀ má baà ṣe yín, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bèèrè kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.

Èkínní: Ta ni ó ni ilẹ̀ náà? Láti ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní ìpamọ́ fún ará ìlú. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí à ń pè ní C of O kò gbọdọ̀ gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Rísíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ bẹ lọ́yà kan kí ó lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí owó lọ́yà bá pọ̀ fún ẹnì kan, kí obìnrin mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ dá a jọ.

Èkejì: Ta ni ó fọwọ́ sí pláànù náà, àjà mélòó ni ó sì fọwọ́ sí? Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ́fíìsì ìṣètò ìlú. Ẹ ka àjà tí ó wà nínú ìwé, kí ẹ sì ka èyí tí ó wà lójú yín. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ gbé owó yín lọ sílé. Ẹ béèrè bóyá a ti yẹ ilẹ̀ náà wò bí ó bá lè gbé ilé gíga.

Ẹ̀kẹta: Níbo ni owó mi yóò wà títí ilé yóò fi parí? Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí sísan owó tẹ̀ lé iṣẹ́: èyí nígbà tí ìpìlẹ̀ bá parí, èyí nígbà tí òrùlé bá bò ó. Kí ìwé àdéhùn sọ ọjọ́ tí ilé yóò parí àti ọjọ́ tí owó yín yóò padà bí kò bá parí. Ẹni tí ó bá ní “Ẹ fọkàn tán mi, ọ̀rọ̀ ìwé kò sí láàárín wa”, ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀kẹrin: Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ta ni yóò fa omi, ta ni yóò kó ìdọ̀tí, ta ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe? Ilé tí kò sí ìdáhùn sí èyí, kódà bí ó bá parí, yóò padà di ahoro lójú yín.

ORÚKỌ TA NI Ó WÀ LÓRÍ RÍSÍÌTÌ?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kì í fẹ́ sọ láàárín tọkọtaya, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ nínú ìwé bí irú èyí, níbo ni a óò ti sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ń fi owó ara rẹ̀ kún owó ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé, tí ó jẹ́ pé orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà lórí rísíìtì. Nígbà tí ayé bá dára, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú àṣà ogún jíjẹ ti Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ń jogún. Obìnrin tí ó ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù ní ààbò òfin tí ó yàtọ̀. Ẹni tí ó ṣe ti ìbílẹ̀ nìkan kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí ilé náà bá sì dúró sójú kan fún ọdún mẹ́wàá, ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni yóò lè béèrè fún owó padà.

A kò ní kí ẹ bá ọkọ yín jà. Ẹ yan àkókò tí inú rẹ̀ dùn, ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Bàbá wọn, owó tí èmi àti ẹ̀yin jọ fi sí i ni, ẹ jẹ́ kí orúkọ wa méjèèjì wà níbẹ̀ nítorí àwọn ọmọ.” Ọkọ tí ó bá ní làákàyè yóò rí i pé ọgbọ́n ni. Ẹ tọ́jú rísíìtì yín sí ibi tí òjò àti eku kò lè dé, kí ẹ sì fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀wọ́n wa, a kò sọ gbogbo èyí kí ẹ má baà fẹ́ ṣọ́ọ̀bù dáradára tàbí fúláàtì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó yẹ kí Agbowó ní ilé tí ó bá èrò rẹ̀ mu, ó sì yẹ kí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi oòrùn jà lójú títì ní òrùlé lórí. Nígbà tí olóṣèlú bá tún wá tọrọ ìbò tí ó sì na ọwọ́ sí ilé kan tí ó ní òun yóò tún ṣe, ẹ bi í léèrè bí ẹ ti í bi ọmọ tí a rán níṣẹ́: ọjọ́ wo, pẹ̀lú owó wo, ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀? Ìbò tiyín náà wà lára owó ilé. Títí dìgbà tí ìdáhùn yóò fi dé, ẹ di owó yín mú ṣinṣin, ẹ sì fa ọmọ yín lọ́wọ́ kọjá lójú ilé ahoro. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á fi owó wa kọ́ ilé tí ọmọ wa yóò gbé.